Alárinà Tó Ń Wádìí Ilé Ọ̀rọ̀ Òyìnbó

Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé ìyá ìyá mi ní Ìsọlọ̀, tó bá fi òyìnbó la ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò ní jáde láìdáhùn ìbéèrè kan. Ìyá Àgbà á gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn, ọmọ ta ni?"

Àlejò á rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. "Ìyá, òyìnbó ni o."

"Mo mọ̀ pé òyìnbó ni. Ṣé gbogbo òyìnbó ló jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni? Mo ní ilé wo ló ti wá, ta ló bí i?"

Bí àlejò ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á padà sídìí ẹ̀wà wọn. Wọ́n á máa sọ ọ́ fún ara wọn, bí ẹni ń ráhùn: "Wọ́n á mú ẹni tí wọn ò mọ ilé ẹ̀ wọlé, wọ́n á ní kó jókòó."

Èmi Bọ́lánlé ni mò ń kọ èyí, èmi tí Ìyá Àgbà ń pè ní Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni ọmọ tí Adúkẹ́, àkọ́bí wọn, fi sílẹ̀ lọ sọ́run. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni mo dàgbà sí. Èmi náà ti darúgbó, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, ṣùgbọ́n títí tí wọ́n fi lọ, ọmọdé ni mo jẹ́ nílé wọn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Ìyá Rẹ̀mí ní Bọ́ládé. Ẹ má wá ìwé ńlá níbí o. Bí ó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ ọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí n kò bá kọ ọ́, èmi náà á gbàgbé, kò sì ní sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kí ìbéèrè wọn má baà dà bí àgbà tó ń ṣe eré. Alárinà ni Ìyá Àgbà. Lóòótọ́, wọ́n ta ọṣẹ, wọ́n ta òwú ìránṣọ, ṣùgbọ́n ohun tí Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì fi mọ̀ wọ́n ni pé bí ọmọkùnrin rẹ bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, tàbí tí wọ́n wá tọrọ ọmọ rẹ, ọ̀dọ̀ wọn lo máa wá. Wọ́n á gbé agboòrùn wọn, á di àdúgbò àwọn àna tó ń bọ̀. Wọn kì í wọ ilé náà. Ilé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á ra omi tútù, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní òòrùn yìí mà mú o. Kí omi tó tán, wọ́n á ti mọ̀ bóyá wọ́n máa ń jà nínú ilé yẹn, bóyá àìsàn kan wà tí wọ́n ń fi pa mọ́, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyàwó tí kò tètè bímọ. Mo máa ń tẹ̀ lé wọn nígbà tí mo kéré. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí a kì í kan ilẹ̀kùn onílé, ká bi í. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta lo ti rí tó jókòó sílé ara ẹ̀, tó ní ilé òun ò dáa?"

Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀. Tíṣà Fálànà ló sì kó bá wa. Ará Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì ni wọ́n, wọ́n háyà yàrá kan lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní òyìnbó ní iléèwé kan ní Òṣòdì. Tíṣà ní ìwé atúmọ̀ èdè kan tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn mú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ní ọjọ́ tí Bàbá Ṣèyí kápẹ́ńtà wá ṣe fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà, Tíṣà jókòó nítòsí, wọ́n ń ka ìwé náà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n kàn sọ ọ́ síta pé, "Ẹ gbọ́, window tí a ń pè yìí, ojú afẹ́fẹ́ ló túmọ̀ sí níbi tó ti wá."

Ìyá Àgbà dúró gbagidi. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn atukọ̀ kan ni, Ìyá. Apá àríwá ni wọ́n ti wá sí ilẹ̀ gẹ̀ẹ́sì nígbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n jagun, wọ́n jókòó, wọ́n fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ìgbà yẹn, ihò lásán ni lára ilé. Wọ́n ní ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni."

"Ẹ ń gbọ́?" Ìyá Àgbà yíjú sí gbogbo wa bí ẹni tó jàre ẹjọ́. "Ó ní ilé! Ó ní àwọn tó bí i!" Bàbá Ṣèyí dá iṣẹ́ dúró, òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò mọ ohun tó kàn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti fèrèsé yàrá wọn mọ́, ìbáà jẹ́ nígbà ọyẹ́. Bí eruku bá bo bẹ́ẹ̀dì, a óò gbọ̀n ọ́n. Bí mo bá ráhùn, wọ́n á ní, "Ilé tó bá di ojú, báwo ló ṣe máa rí ẹni tó ń bọ̀?"

Tíṣà Fálànà ò sinmi mọ́. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí wọ́n tó bọ́ bàtà, ìbéèrè ti ń dúró. Wọ́n sì jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, torí bí ìwé ò bá mọ ilé ọ̀rọ̀ kan, Tíṣà á sọ ọ́ pé, "Ìyá, ìwé ní òun ò mọ ibi tó ti wá." Ìyá Àgbà á ní kò burú, ọmọ tí wọ́n rí he náà ọmọ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fi òun ṣe ẹlẹ́rìí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti yege lọ́wọ́ wọn, wọ́n á mú un lò. Fúnkẹ́, ọmọ ará Oǹdó tó ń gbé yàrá kọjúsí tiwa, sọ nígbà kan pé òun ò lè gún iyán o, pé lady ni òun. Ìyá Àgbà ò bá a jiyàn. Wọ́n rán mi sí Tíṣà. Tíṣà ní ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì fún agbo ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà bá yí odó lọ sẹ́nu ọ̀nà Fúnkẹ́, wọ́n gbé ọmọ odó tì í, wọ́n kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ: "Lédì, ẹ kú iṣẹ́ ilé o." Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó gún iyán náà. Ó lẹ́mọ̀, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Lédì ni orúkọ ẹ̀ nínú ọgbà wa títí di òní, ó ti ní ọmọ-ọmọ.

Bàbá Wálé ò fi tirẹ̀ ṣe ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Abẹ́ máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Mùdá fọkanáísà ló máa ń wà láti ìrọ̀lẹ́, ó ń ta dráfù. Ìyàwó ẹ̀ á gbé oúnjẹ bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi tutù. Ìyá Àgbà ló ṣe alárinà wọn, ó sì ń dùn wọ́n. Nígbà tí Tíṣà sọ fún wọn pé husband, ẹni tó ní ilé tó sì ń gbé inú ẹ̀ ni, wọ́n wé gèlè, ó di abẹ́ máńgòrò.

"Bàbá Wálé, kí ni òyìnbó ń pè ọ́ sí ìyàwó ẹ?"

"Husband ni, Ìyá wa." Ó ti ń wojú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀.

"Irọ́ ni. Mo ti wádìí ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìwọ, ibí lò ń gbé."

Mùdá pariwo pé, "Husband máńgòrò!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Wálé ní, "Ìyá, ẹ dójú tì mí láàárín àwọn èèyàn mi." Ìyá Àgbà ti yí padà. Wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ pé, "Máńgòrò ò ní sìn ọ́ tó o bá kú."

Wọ́n bá Tíṣà jà náà. Ó ṣẹlẹ̀ lórí nice, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń fi yin ara wa. Tíṣà ka ìwé síta pé aláìmọ̀kan ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, pé òmùgọ̀ ni. Ojú Ìyá Àgbà yí padà. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá ni ìyàwó àlùfáà sọ fún wọn pé wọ́n nice, tí wọ́n sì dúpẹ́.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ máa ń yí padà," ni Tíṣà wí. "Ó ti di ohun rere ó ti pẹ́."

"Èèyàn náà máa ń yí padà. Ẹni tó jalè ní Ìtòrì lè di olóòótọ́ ní Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n á ní ẹlẹ́rìí. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí eléyìí yí padà?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì dá ìjà sílẹ̀. Ìyá Àgbà ò bá Tíṣà sọ̀rọ̀ mọ́ títí òjò fi gbé páànù kan lọ lórí yàrá Tíṣà, tí wọ́n sì ní láti wá sùn ní pálọ̀ wa. Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní fún wọn, wọ́n fún wọn ní ìrọ̀rí. Wọ́n ní, "Mo dárí jì ọ́, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò dárí jì."

Gbogbo èyí, ẹ̀rín ni. Èyí tó kàn yìí kì í ṣe ẹ̀rín, òun ni mo sì fi mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Àbúrò kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà ní, Ìyá Kúnlé. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ìbejì. Kúnlé dàgbà, ó rẹwà, ó ní iṣẹ́, ó lọ rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mopélọ́lá, ọmọ Bàbá Onífọ́tò ní Apakun. Bàbá Onífọ́tò ò mọ̀ pé ọmọ àbúrò Ìyá Àgbà ni. Orúkọ wọn ló gbọ́, ó sì ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n bá òun wádìí ọmọkùnrin kan. Wọ́n lè sọ pé ara àwọn ò yá. Wọ́n lè ní àwọn ò ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Èmi ni mo gbé agboòrùn wọn lọ ní ọjọ́ náà. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ tí fọ́tò kún ara ògiri ẹ̀, wọn ò gba omi.

"Ọmọ àbúrò mi ni," ni wọ́n wí. "Ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kì í mutí. Ṣùgbọ́n ó ń na obìnrin. Ó na èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ títí ìyẹn fi sá lọ. Mo bá a wí, kò gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Wọn ò fi Mopélọ́lá fún un. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Ìyá Kúnlé já wọ ọgbà wa, ó ti ṣí gèlè, ó fi gba ìdí.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin lẹ bá ilé wa jẹ́! Ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn!"

"Mo pọ̀n ọ́n," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ẹ ò lè dákẹ́ ni? Dídákẹ́ ṣáà ni! Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá Àgbà dìde dúró níwájú ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó bi mí, òótọ́ ló bi. Tí mo bá purọ́ fún un, tí Kúnlé wá na ọmọ náà, èmi ni mo nà án."

Ìyá Kúnlé ò tún tẹ ọgbà wa mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà ìsìnkú ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ ò pe Ìyá Àgbà. Síbẹ̀, Ìyá Àgbà lọ. Wọn ò wọlé, ẹnu géètì ni wọ́n dúró sí nínú òòrùn pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn, títí wọ́n fi gbé òkú jáde. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá àga fún wọn. Wọ́n ní, "Ibi tí òótọ́ bá gbé mi dé ni mò ń dúró."

Ọ̀rọ̀ òkú yìí ló ń mú mi lọ síbi tí n kò fẹ́ dé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà míràn.

Bàbá àgbà mi, ọkọ wọn, Jẹ́bà ló kú sí, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n fi gbé e bọ̀ wá sí Ìtòrì, ìlú wọn ní ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìyá Àgbà kọ̀ láti jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà pẹ̀lú pósí, wọ́n di okùn mú. Bí ọkọ̀ bá ti dé ìlú kan, wọ́n á kan pósí náà, wọ́n á ní, "Bàbá Adúkẹ́, Ìlọrin rè é o. Bàbá Adúkẹ́, a ti dé Ògbómọ̀ṣọ́." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí dé ilé. Kátíkíìsì ìgbà náà ní ìwà kèfèrí ni. Ìyá Àgbà, tí kì í pa ìsìn àárọ̀ jẹ, bi í léèrè pé bí àlejò bá ṣìnà, ṣé kò ní júwe fún un ni. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi ni pé, "Ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ ò mọ̀nà ilé. Ẹni tó mọ̀nà ló ń sọ fún un."

Ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́rùn-ún dáadáa nígbà tí èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Bọ̀dá Délé, àbígbẹ̀yìn wọn, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ wọn, ló gbé wọn lọ sí ọsibítù kan lápá Ìkẹjà. Bọ̀dá Délé ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì. Ọmọ rere ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó ka èyí tó kù. Kò sí ọjọ́ tí Bọ̀dá Délé ò wá, kò sí oògùn tí wọ́n kọ tí kò rà.

Èmi ni mò ń jókòó tì wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan wà, Gloria, tó máa ń wọlé pẹ̀lú ariwo: "Mama Isolo, how body? You don chop?" Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn ò ní bi í pé ọmọ ta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti le.

Ní ọ̀sán kan, wọ́n la ojú. "Àbẹ̀kẹ́, ilé tí a wà yìí, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ọsibítù ni, Ìyá Àgbà."

"Mo mọ̀. Ọmọ ta ni?"

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àga. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn kẹ́yìn. Mo rò pé ara wọn ti ń yá. Mo sáré jáde sí kọ́rídọ̀, mo pe Tíṣà Fálànà lórí fóònù. Ìkẹ́rẹ́ ni Tíṣà wà báyìí, wọ́n ti darúgbó, ohùn wọn ti fẹ́lẹ́.

"Tíṣà, Ìyá Àgbà ní kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan."

"Wọ́n ṣì ń bèèrè?" Tíṣà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ní kí ẹnì kan bá àwọn mú awò ojú wá. Mo gbọ́ tí ìwé ń ṣí. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó padà wá. "Bọ́lánlé, sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ àlejò ni. Ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn arìnrìn-àjò tí ilẹ̀ ṣú bá lọ́nà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí."

Mo lọ sọ ọ́. Ìyá Àgbà pajú dé.

"Ṣé o wádìí ẹ̀ dáadáa?"

"Tíṣà ló kà á fún mi."

"Ó dáa. Àlejò ni mí níbí nígbà náà. Sọ fún Délé kó wá gbé mi lọ sílé."

Nígbà tí Bọ̀dá Délé dé, wọ́n sọ ọ́ fún un fúnra wọn. Bọ̀dá Délé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gba ìtọ́jú yìí tán."

"Délé, àlejò tó bá mọ̀wà, ó máa ń mọ ìgbà tó yẹ kó dìde."

"Màmá mi, kò sí ẹ̀rọ tí ẹ ń fi mí yìí nílé."

"Afẹ́fẹ́ wà ní fèrèsé mi."

Bọ̀dá Délé dìde, ó kọjú sí ògiri. Ní kọ́rídọ̀ ló ti sọ fún mi pé, "Bọ́lánlé, dókítà ní ká fún àwọn ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Tí mo bá gbé wọn kúrò níbí, tí wọ́n kú ní ọjọ́ kejì, kí ni mo máa sọ fún ara mi? Sọ fún mi, kí ni mo máa sọ?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ ọmọ ni mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń gbọ́. N kò lè gbé wọn sẹ́yìn bí wọ́n ṣe gbé mi. N kò sì lè bínú sí Bọ̀dá Délé, torí bó bá jẹ́ ìyá mi ni, bóyá ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn. Láràárọ̀, Ìyá Àgbà á bi mí, "Délé ti gbà?" Mo máa ní kò tíì gbà, Ìyá Àgbà. Wọ́n á ní kò burú. Mo mú aṣọ ìbora wọn wá láti ilé, mo mú ife wọn wá. Wọ́n wo ife náà bí ẹni rí ará ìlú ẹ̀ lẹ́yìn odi.

Nígbà tó yá, wọn ò bi mí mọ́. Èmi ni mo wá bi wọ́n. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣé kí n tún bá Bọ̀dá Délé sọ̀rọ̀?"

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀. Àlejò kì í bá onílé jà."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná. Ibi tí mo ti ń gòkè bọ̀ ni mo ti rí Gloria lórí àtẹ̀gùn. Kò pariwo. Ó gba ife ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Nílé Bọ̀dá Délé la ti ṣètò ìsìnkú. Láti ilé òkú lápá Ìkẹjà, wọ́n á gbé wọn gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ sí Ìtòrì tààrà. Àlùfáà ti dá àkókò.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ya ilé."

"Ilé wo? Ìsọlọ̀?" Bọ̀dá Délé ò gbójú sókè. "Ìsọlọ̀ ò sí lójú ọ̀nà, Bọ́lánlé. Ẹ̀yìn ló wà. Àwọn èèyàn á ti máa dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹkún ni mo lè sun, mo sì ti sun ún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo kọ̀ láti jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni mo wà pẹ̀lú pósí. Bọ̀dá Délé wà níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Súlè. A dé ẹnu géètì ilé òkú náà. Súlè ti ń tan iná pé òun fẹ́ yà sí ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Bọ̀dá Délé ní, "Má yà síbẹ̀."

"Ọ̀gá?"

"Òṣòdì ni kó o gbà. Ìsọlọ̀ la kọ́kọ́ ń lọ."

"Ọ̀gá, wọ́n ní Ìtòrì—"

"Mo mọ ohun tí wọ́n ní, Súlè. Jọ̀ọ́."

Mo gbé ọwọ́ lé pósí. Nígbà tí a dé Bọ́ládé, mo kàn án, mo ní, "Ìyá Àgbà, Bọ́ládé rè é o, níbi tí ẹ mú mi wá kọ́ṣẹ́." Mo fẹ́ sọ púpọ̀ sí i. Mo fẹ́ sọ pé ilé Ìyá Rẹ̀mí rè é, pé wọ́n ti fi í ṣe ṣọ́ọ̀bù fóònù. Ohùn mi ò jáde mọ́. A ti ń wọ Òṣòdì, mò ń wo gbogbo èrò yẹn tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Mo wá ń rò ó pé Ìyá Àgbà á ṣìnà níbí, torí pé èmi ò lè sọ̀rọ̀.

Níwájú ni mo ti gbọ́ ọ. Bọ̀dá Délé ò bojú wẹ̀yìn. Ó ń wo ọ̀nà.

"Màmá," ni Bọ̀dá Délé wí, "Òṣòdì rè é o. Ìdí rélùwéè rè é."

Súlè wò ó, ó dẹ eré ọkọ̀ sílẹ̀.

"Màmá, Ìyànà Ìsọlọ̀ rè é. A ti yà o."

Nínú ọgbà, Fúnkẹ́ Lédì àti Bàbá Wálé ti gbọ́ ìró ọkọ̀, wọ́n jáde. Bàbá Wálé ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó bá wọn gbé pósí wọ pálọ̀. Èmi wọ yàrá wọn lọ. Ẹnì kan ti ti fèrèsé láti ọjọ́ tí a ti gbé wọn lọ. Mo ṣí i. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó gbé etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè, ó sì gbé e sílẹ̀. Kò sí ohun míràn tó ṣẹlẹ̀. N kò mọ ohun tí mo ń retí.

Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, Súlè ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ pé ó yá. Bọ̀dá Délé kúnlẹ̀, àgbà ọkùnrin pẹ̀lú irun funfun, ó fi ẹnu kan ara pósí bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí sétí ènìyàn.

"Màmá," ni Bọ̀dá Délé wí, "ilé rè é. Ẹ kì í ṣe àlejò mọ́."